Mẹ́wàá ti Àtẹ̀gùn

Nọ́ọ̀sì fún rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ojú aago ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ fi kọjá ọgọ́sàn-án, ó wá ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ dúdú tó dì mọ́ apá awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nínú ohun tó fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀, èyí tó ki bọ etí méjèèjì, ó gbọ́ kì àkọ́kọ́, ó wo abẹ́rẹ́: 144. Abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, kì, kì, kì, títí ohùn náà fi pòórá ní 92. Nọ́ọ̀sì mú bírò. Ó kọ 134 sórí káàdì, ó kọ 82 sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi àmì kíún kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó dáa, àbí?" ni awakọ̀ náà wí. Ó ti ń fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ lọ bá dókítà ojú ní yàrá kejì kí wọ́n yẹ ojú yín wò. Ẹ má sì sọ fún wọn pé ẹ ti mọ gbogbo lẹ́tà ara pátákó yẹn lórí o."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kà á, Nọ́ọ̀sì. Bí mo bá dijú gan-an, mò ń rí i."

Ó rẹ́rìn-ín jáde. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà ń pè é, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì gígùn láìfi ara rẹ̀ ha ògiri rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé bí ìgbín bá fẹ́ sọdá títì, Jẹ́jẹ́ á dúró dè é, á kí i, á tún bi í léèrè ará ilé. Oṣù méje péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti òní nìkan. Àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún ni, àárẹ̀ ti èṣí sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò tíì lọ. Láti àárọ̀ kùtù ló ti ń di apá kan, tó ń tú òmíràn. Bàtà ń fún un. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wúwo. Tíì tó pò láago méje ti tutù sínú ife, ó sì ti da ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú. Lókè àpótí tí wọ́n ń kó káàdì sí, bébà kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ "Ìlera ni oògùn ọrọ̀" sí, ṣùgbọ́n oòrùn ojú fèrèsé ti jẹ ọrọ̀ kúrò, ó wá ku ìlera àti oògùn.

Ìdí tó fi yọ mẹ́wàá kò ṣòro rárá. Mẹ́wàá ti àtẹ̀gùn ni. Ọ̀gá Àgbà, obìnrin tó jókòó sórí àga yẹn kí Nọ́ọ̀sì tó dé, tó sì fi ìkanra kọ́ ọ níṣẹ́, ló fi lé e lọ́wọ́. Àjà kẹta ni yàrá ìwòsàn ilé iṣẹ́ náà wà nígbà yẹn. Àwọn awakọ̀ á sáré gun òkè wá, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, torí bọ́ọ̀sì wọn wà nísàlẹ̀, èrò sì ti ń kígbe. Ẹni tó bá sáré gun àtẹ̀gùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga. Ohun tí ìwé sọ ni pé kó jókòó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí ogójì èèyàn tò sórí àtẹ̀gùn?

"Dípò ìsinmi, yọ mẹ́wàá," ni Ọ̀gá Àgbà wí fún un. "Mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Kí o sì fi àmì kíún síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa mọ̀ pé a ò purọ́."

Ọ̀gá Àgbà ti fẹ̀yìn tì, ó tiẹ̀ ti kú pàápàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọwọ́ Nọ́ọ̀sì. Ọdún kejìdínlógún rèé. Kí abẹ́rẹ́ tó dúró, ọpọlọ rẹ̀ á ti yọ mẹ́wàá. Kò bá awakọ̀ kankan sọ ọ́ rí, wọn ò sì bi í rí.

Oore ńlá sì ni mẹ́wàá náà ń ṣe fún wọn, torí òfin ilé iṣẹ́ le. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá ogóje á fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, á lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì nínú yàrá onígíláàsì lẹ́nu géètì títí dókítà á fi sọ pé ó tó. Ilé opó ni àwọn awakọ̀ ń pe yàrá yẹn. Ohun tí ọkùnrin ń ṣe níbẹ̀ kò ju pé kó jókòó, kó máa wo ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń wà á lọ. Nítorí náà, nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí 144 tí Nọ́ọ̀sì sì kọ 134, inú rẹ̀ máa ń tutù díẹ̀, bí ẹni tó dá ọmọ ọlọ́mọ padà kúrò lójú títì.

Ó ti wọn ẹ̀jẹ̀ èèyàn mọ́kànlá mìíràn kí dókítà ojú tó yọjú sí i.

Ọmọdébìnrin tí Nọ́ọ̀sì lè bí ni dókítà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù funfun ni Nọ́ọ̀sì máa ń kí ní "ẹ", kì í ṣe ọjọ́ orí. Lọ́dún yìí, ó gbé ẹ̀rọ tuntun kan dání, èyí tó ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú láti inú. Káàdì Jẹ́jẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá àwọn méjèèjì, àmọ́ ti ẹnu ọ̀nà ìta ṣì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ohun róbótó kan ni, ó pọ́n bí ọsàn, àwọn okùn pupa tínínrín sì ń ta ẹ̀ka káàkiri inú rẹ̀.

"Ojú ta nìyí?"

"Ti bàbá tó ni káàdì yìí. Ẹ mọ̀ pé ojú nìkan la ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn láìla ara rẹ̀." Dókítà fi ìka tọ okùn kan lọ. "Ẹ wo èyí. Ó yẹ kó fẹ̀ ju báyìí lọ. Ó ti fún, ògiri rẹ̀ ti nípọn, ó sì ti le. Níbi tó ti gorí èkejì kọjá yìí, ẹ wò ó, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan, Màmá. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣùgbọ́n mo wo káàdì wọn: 126, 128, 130, 132, 134. Ẹ̀jẹ̀ ríru dà níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì tún tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Ṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ń mu sìgá?"

"Jẹ́jẹ́? Kò tiẹ̀ gbà kí èrò mu ún nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Nígbà náà, mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mo ti kọ lẹ́tà fún wọn pé kí wọ́n lọ yẹ kíndìnrín wò, kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n lọ ya fọ́tò ọkàn. Nǹkan kan ń jẹ iṣan bàbá yẹn, mi ò sì rí i. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an."

Ó yí padà láti lọ. Ká ní ó lọ ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kí Jẹ́jẹ́ máa gbé lẹ́tà kiri láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa wá ohun tó wà lórí tábìlì yìí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé káàdì súnmọ́ ojú.

"Màmá, kí ni àmì kíún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn yìí?"

"Ti àtẹ̀gùn ni," Nọ́ọ̀sì dáhùn. Ó dáhùn kíá, láìronú, bí wọ́n ṣe ń dáhùn orúkọ ọmọ ẹni. "Mẹ́wàá la máa ń yọ, nítorí àtẹ̀gùn tí wọ́n gùn wá."

Dókítà wo ẹnu ọ̀nà ìta. Ilẹ̀ oníkọnkéré àgbàlá bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìloro gan-an, ó tẹ́ lọ gbalaja títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì méjì dúró sí. Awakọ̀ méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ibòòji, ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà wo Nọ́ọ̀sì padà.

"Àtẹ̀gùn wo, Màmá?"

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí ilẹ̀ àgbàlá.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n kó yàrá ìwòsàn wá sísàlẹ̀. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ló gba àjà kẹta. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí káàdì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí orúnkún rẹ̀. Àtẹ̀gùn lọ. Mẹ́wàá kò lọ.

Ká sọ òótọ́, ó ti rò ó rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí káàdì lẹ́ẹ̀kan, ó ní àtẹ̀gùn ò sí mọ́ kẹ̀. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní 142, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Nọ́ọ̀sì ní kí òun fi ti eléyìí sílẹ̀ ná, tó bá di ẹni tó kàn, òun á ṣíwọ́. Ẹni tó kàn náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò rántí pé òun fẹ́ ṣíwọ́ nǹkan kan.

"Mẹ́wàá péré ni, Dókítà," ni ohun tó rí sọ.

Dókítà fa àga, ó jókòó. Kò bínú, ì bá sàn fún Nọ́ọ̀sì ká ní ó bínú.

"Mẹ́wàá péré ni lóòótọ́. Èyí tó ga gan-an ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, torí ó ń gbéni ṣubú lójú ọ̀nà. Èyí tó ga díẹ̀ kì í gbé èèyàn ṣubú. Kì í dunni, kì í fọ́ni lórí. Ṣùgbọ́n ọkàn ń lù tó ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà lójúmọ́, Màmá. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, ó fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti ògiri iṣan. Iṣan ò fẹ́ bẹ́, ó wá ń nípọn kó lè rọ́jú. Bó bá ti nípọn, ó le. Bó bá ti le, kò lè fẹ̀ kó sì súnkì mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ga sí i. Ohun tí mo rí ní ojú wọn yìí, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ nínú kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ nínú ọpọlọ."

Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ó ti kà á nílé ìwé, ó ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; kò sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò rò rí ni pé òun ló ń di ilẹ̀kùn ọgbà mú kí ẹlẹ́dẹ̀ ráyè wọlé.

"Mi ò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni," Dókítà ní. Ó gbé káàdì sórí tábìlì, ó fi fọ́tò lé e lórí. "Ẹ̀yin lẹ ni káàdì. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn wà níta, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n rò pé àìsàn tí ò lórúkọ ló wà lára wọn."

Ó jáde. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní sùúrù fún òun díẹ̀. Ó yọ búrẹ́dì tó dì wá láti ilé, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó dá ìyókù padà sínú ọ̀rá. Ó dìde, ó ṣí àpótí, ó fa káàdì kan yọ, àmì kíún wà níbẹ̀. Ó fa òmíràn, ó wà níbẹ̀. Ó wá fa tirẹ̀. Àmì kíún wà lára tirẹ̀ náà, lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ orí àga yìí ló máa ń jókòó sí wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wá. Ó dá káàdì náà padà.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Kí ó pe Jẹ́jẹ́ wọlé, kí ó tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó kọ iye rẹ̀ gan-an, kí ó pariwo pé, "Háà, ó mà ti gòkè!" Jẹ́jẹ́ á rò pé òní ló gòkè. Dókítà ò ní sọ̀rọ̀. Àmì kíún ò lẹ́nu. Á gba oògùn rẹ̀, wọ́n á máa kí ara wọn lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì tí gbogbo awakọ̀ fẹ́ràn ló fi bírò dí wọn lójú fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó wuni púpọ̀. Àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀ gan-an ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ibẹ̀.

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ pe Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, ó ti ká a sí mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àárọ̀. "Wọ́n ní nǹkan kan ń jẹ mí nínú," ó wí kó tó jókòó. "Wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jókòó. Ẹ gbé ẹ̀yìn ti àga. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fẹ́ jókòó."

"Márùn-ún? Kí la fẹ́ ṣe?"

"A ò fẹ́ ṣe nǹkan kan."

Wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì wo aago ara ògiri. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún gùn tó bẹ́ẹ̀, pé èèyàn lè gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń yí táyà lórí ilẹ̀ àgbàlá, pé ó lè rí i pé irun etí Jẹ́jẹ́ ti funfun. Ọwọ́ awakọ̀ náà méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ká díẹ̀, bí ìgbà tó di sítíárìn ọkọ̀ mú. Ó ti wọn ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí lọ́dọọdún fún ọdún méjìdínlógún, kò fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún rí.

Ó di aṣọ mọ́ ọn lápá. Ó fún rọ́bà, ó tú u sílẹ̀. 142. 92. Ó kọ 142, ó kọ 92. Kò fi àmì kankan sí i.

Jẹ́jẹ́ na ọrùn wo káàdì. "Nọ́ọ̀sì."

"Ó kọjá ogóje."

"134 lẹ kọ láàárọ̀."

"Mo mọ̀."

"Oṣù méje ló kù, Nọ́ọ̀sì." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí n fi ilé opó parí ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n wá máa wò mí nínú gíláàsì bí ẹja. Ẹ kọ ti àárọ̀ yẹn síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Màá gba oògùn tí ẹ bá ní kí n gbà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín yẹn," ó ní, "kò sí àìsàn tí ò lórúkọ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ló ga díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ń ga bẹ́ẹ̀ bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti ń ba iṣan yín jẹ́. Kò hàn lórí káàdì, torí pé èmi ni mò ń yọ ọ́. Ọdọọdún ni mo máa ń yọ mẹ́wàá. Àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ la tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣíwọ́ nígbà tó yẹ kí n ṣíwọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má bínú sí mi."

Ó ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó ti rò ó nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì, bí ọkùnrin náà á ṣe gbá tábìlì, bí àwọn tó wà níta á ṣe sáré wọlé. Jẹ́jẹ́ kò gbá nǹkan kan. Ó tún lẹ́tà náà ká.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé ẹ máa ń yọ. Gbogbo wa la mọ̀." Ó fi àgbọ̀n júwe aago ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí tábìlì. "Awakọ̀ ni wá, Nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ la fi ń jẹun. Kò sí abẹ́rẹ́ tó máa wà níwájú mi tí mi ò ní kà á. Mo máa ń rí i kó kọ́kọ́ mì ní 140, màá rí i pé ẹ kọ 130. Bí mo bá délé, màá sọ fún ìyàwó mi pé nọ́ọ̀sì wa mà ṣèèyàn o."

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Jẹ́jẹ́ ronú sí i díẹ̀, bó ṣe máa ń ronú kó tó gba oríta.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀," ó ní. "Mo rò pé ẹ mọ iye tí èèyàn lè yọ tí ò ní ṣe nǹkan kan."

Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀nà tó gbà wá. Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ó ṣàlàyé ìyókù fún un. Oògùn kan lójúmọ́. Kí iyọ̀ dínkù. Kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn, torí ẹni tó ń gbé gbogbo ayé rìn, òun fúnra rẹ̀ kì í rìn. Lóṣù kan, dókítà á tún wò ó, bí ó bá ti wálẹ̀, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Jẹ́jẹ́ ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó ti le yẹn ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé á rọ̀ padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n Nọ́ọ̀sì. Ó dùn, ó kéré, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára lónìí.

"Mi ò mọ̀," Nọ́ọ̀sì ní. "Ó lè rọ̀ díẹ̀. Ó lè má rọ̀. Èyí tí ò tíì le la fẹ́ gbà sílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì kúrò ní ìgbànú rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì láìjẹ́ kó dún.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó máa gbà á pé jíà kejì rẹ̀ ò fẹ́ ìkánjú," ó ní. "Kó máa fi sùúrù tì í." Ó dìde. "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì."

Ó gba àgbàlá kọjá lọ sí ẹnu géètì, kò yára ju bó ṣe máa ń yára lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó títí ó fi ṣí ilẹ̀kùn yàrá onígíláàsì, tó sì wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ jókòó fún ìgbà díẹ̀, kó má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pè é, kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ wọlé bọ̀.

"Nọ́ọ̀sì wa, Nọ́ọ̀sì àtàtà! Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, èrò ti kún bọ́ọ̀sì mi." Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti na apá lélẹ̀ fún un lórí tábìlì.

"Èrò á dúró," Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Ẹlẹ́nu sinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ò tètè sinmi. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, Nọ́ọ̀sì di aṣọ mọ́ ọn lápá, ó fún rọ́bà, ó sì ń tú u sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo abẹ́rẹ́ nìkan. Ó wo ọkùnrin náà. Ẹlẹ́nu tẹjú mọ́ ojú aago, ó ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì rí ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ mì nígbà tí kì àkọ́kọ́ dún létí Nọ́ọ̀sì. 146. Kò bà á lẹ́rù. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó gbé e sórí bírò ọwọ́ Nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín, ó ń dúró.

Nọ́ọ̀sì kọ 146. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú ọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń retí pé kí bírò padà.